Iná Ọ̀sán tí Ìyá Àgbà Sẹ́

Nínú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé kí ó ya fótò. Òfin Ìyá Àgbà nìyẹn, ìyá tó bí bàbá mi, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn jiyàn lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ ya fótò, títì ni yóò kọ ẹ̀yìn sí, ilé ni yóò kọjú sí, onífótò ni yóò sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ kí àlejò káàbọ̀. Ohun tó fà á ni pé lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n wọ ṣòkòtò tuntun, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ilé, wọ́n kọjú sí títì, wọ́n ya fótò, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti di ẹni tí à ń rí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà mìíràn ọdún a máa yípo kí a tó gbúròó wọn. Ìyá Àgbà gbà pé fótò yẹn ló lé ọmọ àwọn jáde. "Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sílé, ibo ló ń lọ?" Wọ́n á bi wá bẹ́ẹ̀, wọn ò sì ní dúró gbọ́ èsì. Èmi náà ti dàgbà báyìí, ewú ti kún orí mi, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ló gbé bàbá mi lọ, kì í ṣe fótò. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ mi bá na fóònù sí mi pé àwọn fẹ́ yà mí, ẹsẹ̀ mi á ti yí síhà ilé kí n tó mọ̀.

Ilé náà kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Màámi, ìyá mi, ti ń kó ìkòkò ìrẹsì àti ti ẹ̀wà jáde, nítorí oúnjẹ ni wọ́n ń tà fún àwọn onítírélà ní ibùdókọ̀ Coconut, àwọn onítírélà kì í sì í dúró de ẹni tó bá pẹ́. Bí Màámi bá ti lọ tán, ariwo omi ni yóò kàn, Ìyá Àgbà á máa sẹ́ ògì nínú ọpọ́n ńlá lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo máa ń di etí aṣọ ìsẹ́gì mú. Wọ́n á bu ọkà lílọ̀ lé e, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ọwọ́ rò ó yípo yípo, omi funfun á máa sọ̀ kalẹ̀, èérí á sì dúró sókè. Láti Àpápá la ti máa ń gbọ́ fèrè àwọn ọkọ̀ ńlá, fèrè náà á dún gùn, Ìyá Àgbà á sì dá ọwọ́ dúró díẹ̀. Èmi náà á dá ọwọ́ dúró, nítorí mo mọ ẹni tí wọ́n ń rò.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Màámi bí Kàmọ́rù, àbúrò mi. Bàbá mi ti lọ kí wọ́n tó bí i. Nígbà tí ọmọ náà lè jókòó fúnra rẹ̀, a ya fótò gẹ́gẹ́ bí òfin ilé wa: Màámi gbé Kàmọ́rù lẹ́sẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó lápá ọ̀tún, èmi dúró lápá òsì, a kọjú sí ilé, oòrùn ọ̀sán sì wà lẹ́yìn wa lórí omi kànáàlì tó wà lódìkejì títì. Ọ̀sán nìkan ló ṣeé ṣe, nítorí kò sí òwúrọ̀ tí Màámi kì í sí ní Coconut. A fi fótò náà rán Bọ̀dá Tíámíyù, tí àwọn àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n wá kí wa nígbà ìsinmi wọn. Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú ilé yẹn, èmi nìkan ni mo mọ̀wé? Bí lẹ́tà bá dé, èmi ni mo máa ń kà á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró láàárín pásééjì lọ́jọ́ kan, tí mo fi ohùn ilé ìwé ka lẹ́tà bàbá mi, ohun tí ì bá sàn kí n má kà sókè.

"Fótò tí ẹ fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo rí títì, mo rí omi, mo rí ewúrẹ́ àwọn ará ọ̀hún, ṣùgbọ́n n kò rí ojú ọmọ mi. Gbogbo yín dúdú bí ìdí ìkòkò. Tíámíyù sì sọ fún mi pé òun rí ọmọ náà, pé kò jọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá Sìkírá, kí ló dé tí ojú ọmọ kò fi hàn?"

Èmi ni Sìkírá. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo gbé ojú sókè, mo rò pé wọn á yìn mí pé n kò ṣì í kà. Màámi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó bí ẹni tó lè kà á, wọ́n sì ká a sí etí ìró. Ìyá Àgbà ló fọhùn. "Tíámíyù tó jókòó níbí, tó jẹ̀kọ mi! Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ìyá Sìkírá, má wulẹ̀ ro nǹkan kan. Fótò ló ń purọ́. Fótò míì la máa yà." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú, nítorí ọmọ tó ń tọ pinpin ni mí, mo sì fẹ́ mọ bí fótò ṣe ń purọ́. N kò mọ̀ pé ìgbéyàwó Màámi ni gbogbo ilé ń dì mú yẹn. Bọ̀dá Tíámíyù tún ti wá sílé fún ìgbà díẹ̀, lọ́jọ́ Jímọ́ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n sì máa padà lọ bá bàbá mi nínú ọkọ̀ wọn, ohun tí a bá fẹ́ fi ránṣẹ́, kí Jímọ́ tó dé ni.

Yàrá àkọ́kọ́ nínú ilé wa ni Bọ̀dá Sàlámì onífótò háyà. Wharf Road ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń ya àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní fótò pélébé tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ káàdì. Ẹni tín-ín-rín ni wọ́n, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Nígbà tí Màámi sọ ẹjọ́ fún wọn, wọ́n mi orí. "Ẹ̀bi mi ni, Ìyá Sìkírá. Mo ti mọ̀ pé oòrùn wà lẹ́yìn yín. Ìyá ò kàn ní jẹ́ kí n yí yín padà ni."

Ìyá Àgbà ní, "N ò sì ní jẹ́ kí o yí wa padà lónìí náà."

"Ó dáa, Ìyá. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, fíláàṣì la máa lò."

"Iná? Nínú oòrùn ganrínganrín yìí? Sàlámì, ẹni tó bá tan àtùpà lọ́sàn-án, kí ló ń wá?"

Èmi náà bi wọ́n. N kò lè sùn bí n kò bá bi wọ́n. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣebí inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń lo fíláàṣì?" Wọ́n ní kí n jáde síta, kí n dúró nínú oòrùn, kí n kọjú sí ilé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Kí lo rí nínú pásééjì?" Mo ní n kò rí nǹkan kan, òkùnkùn ni. Ìyá Àgbà tí wọ́n ti jókòó sínú pásééjì látàárọ̀ bú sẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn náà, ẹ̀rù bà mí, mo fò sẹ́yìn.

Bọ̀dá Sàlámì ní, "Ìsinsìnyí lo jáde níbẹ̀. Ṣé òkùnkùn ló wà níbẹ̀ nígbà tí o jókòó ti Ìyá? Ìmọ́lẹ̀ ìta ló pọ̀ jù, òun ló sọ inú ilé di òkùnkùn sí ẹ lójú. Tí o bá dúró díẹ̀, ojú ẹ á mọ́ ọn, wàá rí ìta, wàá rí inú. Kámẹ́rà ò ní sùúrù yẹn. Tó bá mú ti ìta, ojú yín á di dúdú. Tó bá mú ti ojú yín, ìta á funfun báláú. Iná tí mo fẹ́ tàn yìí, kì í ṣe torí òkùnkùn. Oòrùn á tan ẹ̀yìn yín, èmi á tan iwájú, kí méjèèjì lè bára wọn mu."

Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi ń jáde tí mo fi ń wọlé, mò ń ka iye ìgbà tí mo lè ṣẹ́jú kí Ìyá Àgbà tó yọ láti inú òkùnkùn. Orí wọn ni yóò kọ́kọ́ yọ, ìborùn wọn, nítorí ó funfun, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ọwọ́ tí wọ́n fi ń lé mi. "Sìkírá, jókòó sí ojú kan, ìwọ ọmọ yìí! Ilẹ̀kùn ni ọ́?" Títí dòní, bí mo bá wọ ilé tó ṣókùnkùn láti inú oòrùn, mo ṣì máa ń dúró, mo máa ń ṣẹ́jú.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lo fíláàṣì, Màámi fẹ́ kí ó dára dé góńgó. Wọ́n kun àtíkè, wọ́n kun èmi, wọ́n kun Kàmọ́rù títí ó fi sín. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé àtíkè náà kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Bọ̀dá Sàlámì dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n so fíláàṣì mọ́ orí kámẹ́rà, iná kọ mànà. Ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke kọjá lójú títì kígbe sí wọn pé, "Ọ̀gá fótò, sun wey dey so no do you?" bí ẹni pé oòrùn náà kò tó wọn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fọ fótò náà jáde lọ́jọ́ kejì, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Omi kànáàlì hàn, títì hàn, ojú wa sì funfun bí ẹni tó ki orí bọ inú ẹ̀lùbọ́. Kàmọ́rù kò ní imú. Màámi wo fótò náà títí. "Tẹ́lẹ̀ a dúdú, a ti wá di òyìnbó báyìí. Èwo ni Bàbá Sìkírá máa gbà gbọ́ nínú méjèèjì?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì dìde lọ ṣan ẹ̀wà ọjọ́ kejì. Mò ń wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́ kànga. Wọ́n ṣan ẹ̀wà náà, wọ́n da omi nù, wọ́n tún ṣan án, wọ́n da omi nù, wọ́n tún bu omi míì sí i. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ó ti mọ́. N kò sọ ọ́, mo rò pé bóyá ẹ̀wà náà dọ̀tí ju bí mo ṣe rí i lọ.

Bọ̀dá Sàlámì kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Fíláàṣì ọwọ́ wọn, bí ó bá ti kọ, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń kọ, kò ní ibi tí a ti lè dín in kù. Bí wọ́n bá sún sẹ́yìn, ògiri pásééjì á wọ inú fótò. Wọ́n ń ṣàlàyé èyí fún Ìyá Àgbà lẹ́yìnkùlé, níbi tí èmi àti Ìyá Àgbà ti ń sẹ́ ògì. Ìyá Àgbà kò gbé ojú sókè. Wọ́n rò ó, wọ́n rò ó, wọ́n fún aṣọ náà.

"Sàlámì, ṣé dandan ni kí o da gbogbo iná yẹn lé wa lórí ni? Bí nǹkan bá ki jù, ṣebí wọ́n máa ń sẹ́ ẹ."

Bọ̀dá Sàlámì wo aṣọ ìsẹ́gì náà, wọ́n wo Ìyá Àgbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fa áńkáṣíìfù funfun yọ lápò, àmọ́ Ìyá Àgbà kọ̀. Aṣọ tí wọ́n ti fi nu òógùn nù kò ní dúró láàárín iná àti ojú ọmọ ọmọ àwọn. A fọ aṣọ ìsẹ́gì kan, a sá a, ó gbẹ, ó ṣì ń rùn díẹ̀ bí ògì kíkan. Èmi ni wọ́n fi dán an wò. Wọ́n fi aṣọ náà bo ojú fíláàṣì ní ìṣẹ́po kan, mo na ìka kan sókè. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po méjì, mo na ìka méjì. Ìṣẹ́po mẹ́ta, mo na mẹ́ta. Kí a má baà gbàgbé èyí tó jẹ́ èwo ni.

Wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé àwọn wọ yàrá tí wọ́n ti ń fọ fótò. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ta bo fèrèsé, gílóòbù pupa kan ló ń tàn, oògùn inú àwo ń rùn wọ imú mi. Wọ́n ri bébà funfun kan sínú omi náà, wọ́n ń mì í jẹ́jẹ́. Mo rò pé wọ́n ń tàn mí ni. Ìgbà tó yá, ìka mi yọ nínú omi, lẹ́yìn náà irun mi, lẹ́yìn náà ojú mi ń wò mí láti ìsàlẹ̀ àwo. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi láti ìgbà náà, mo ti wọ bàálù, mo ti bímọ, ṣùgbọ́n ẹnu kò tíì yà mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìṣẹ́po kan ṣì funfun jù. Ìṣẹ́po mẹ́ta kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìdí ìkòkò. Ti ìka méjì, omi kànáàlì ń dán lẹ́yìn mi, ojú mi sì jẹ́ ojú mi gan-an, títí kan àpá kékeré tó wà lókè ojú mi níbi tí mo ti ṣubú lu ọpọ́n. Kò tiẹ̀ dà bí ẹni pé wọ́n tan iná kankan. Bọ̀dá Sàlámì ní ibi tí iná dára dé nìyẹn, pé kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú ni a ya ti gbogbo ilé. Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Coconut, wọn ò tíì sọ ìkòkò kalẹ̀ tán. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn wẹ̀, Bọ̀dá Sàlámì ní oòrùn ń lọ. Wọ́n na ọwọ́ sí àtíkè, Ìyá Àgbà gbà á. "Má kun nǹkan kan. Bí o ṣe rí yẹn náà ni kí o jókòó." Màámi fi etí ìró nu ojú, wọ́n gbé Kàmọ́rù lẹ́sẹ̀, iná kọ mànà láti inú aṣọ ògì, ó parí. Nígbà tí fótò náà jáde, Ìyá Àgbà gbà á, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n sún un jìnnà, wọ́n figbe ta. "Etí Rájí rè é! Ẹ wá wo etí ọmọ mi lórí ọmọ rẹ̀!" Òótọ́ ni. Etí Kàmọ́rù yọ síta méjèèjì bí ọwọ́ ìkòkò, bí ti bàbá mi ṣe yọ gẹ́lẹ́. Gbogbo ilé ń wo etí. Àwọn ayálégbé ń jáde wá wo etí. Nígbà tí Bọ̀dá Tíámíyù wá gba fótò náà ní Ọjọ́bọ̀, Ìyá Àgbà fi Kàmọ́rù lé wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ etí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Èyí ńkọ́? Ti ta ni? Èyí ńkọ́?" Bọ̀dá Tíámíyù dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ Màámi, wọ́n gbé fótò náà lọ. Màámi ní àwọn ti gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn péré ni wọ́n sọ.

Oṣù méjì kò pé tí bàbá mi fi wọlé. A kò retí wọn, àkókò ìsinmi wọn kò tíì tó. Ẹ̀yìn ìrun àsárì ni, Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀, èmi ń gbé omi. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, wọ́n gbé Kàmọ́rù, ọmọ náà sì fa etí wọn, Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Bàbá mi gbé Kàmọ́rù fún mi, wọ́n yọ fótò náà nínú àpò àyà. Igun rẹ̀ ti ká kò, ó ti rọ̀ bí aṣọ.

Màámi kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ṣé ẹ ti rí ojú ọmọ yín?"

"Mo rí i lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ mi. Ojú kan ni mo wo ọmọ, mo mọ̀ pé tèmi ni. Dìde, Ìyá Sìkírá. Lẹ́tà tí mo kọ yẹn, ìwà òmùgọ̀ ni, má bínú sí mi." Bàbá mi fi ìka lé ojú Màámi nínú fótò náà. "Ìwọ ni mò ń wò láti ọjọ́ yẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ló ṣe ọ́ tó o rù báyìí? Ìgbà wo lo sùn gbẹ̀yìn?"

Gbogbo wa yíjú sí fótò náà, àwa tí a ti wò ó títí tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ wò ó ya, lẹ́yìn náà a yíjú sí Màámi fúnra wọn. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ti yọ. Abẹ́ ojú wọn ti wọlé. Ọrùn ẹ̀wù wọn ti tóbi jù fún wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí wọn, mò ń jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn, mò ń di ìkòkò mú kí wọ́n lè gbé e rù, n kò rí i. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà, ó sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Màámi ní kò sí nǹkan kan, iṣẹ́ lásán ni. Wọ́n tún ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn wọn gé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pásééjì, wọ́n sọ pé láti ọjọ́ tí Sìkírá ti ka lẹ́tà yẹn ni àwọn kò ti sùn mọ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìkòkò ìrẹsì wà lórí bàbá mi, ti ẹ̀wà wà lórí Bọ̀dá Sàlámì, wọ́n ń lọ sí Coconut, wọ́n ń ṣe àròyé bí wọn yóò ṣe bù ú. Ìyá Àgbà kò sẹ́ ògì. Wọ́n jókòó sẹ́nu yàrá, wọ́n ń lé àwọn ọmọ ayálégbé tó bá fẹ́ pariwo. Mo rọra ṣí ilẹ̀kùn. Oòrùn ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti dé orí ìrọ̀rí, Màámi ṣì ń sùn, ẹnu wọn là díẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo wo ojú ìyá mi dáadáa.